Snipe tàbí Sphagnum: èwo ló ń sọ òótọ́ nípa àbàtà?

Ẹ béèrè pé nínú ẹyẹ snipe, Gallinago gallinago, àti Sphagnum palustre, ìyẹn mọ́ọ̀sì, ewéko kékeré tó máa ń tẹ́ sílẹ̀ bíi kánìnkánìn lórí àbàtà, èwo ló yẹ kí èèyàn wò kó tó sọ pé ara àbàtà ṣì le. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka àwọn méjèèjì. Mọ́ọ̀sì ni kẹ́ ẹ wò.

Ẹyẹ yẹn máa ń tan èèyàn. Àgógó rẹ̀ gùn tó bíi sẹ̀ntímítà 6 sí 7, ṣóńṣó rẹ̀ sì mọ nǹkan lára débi pé ó ń fi wá ekòló nínú ẹrẹ̀ láìfojú rí i. Ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ ló lè balẹ̀ sí, ì báà ṣe oko tí omi dúró sí. Mo mọ àbàtà kan tí wọ́n gbẹ́ kòtò sí kí omi lè fà. Ńṣe ni snipe pọ̀ sí i níbẹ̀, torí ẹrẹ̀ ti hàn síta. Mọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní tirẹ̀ ti ń rún wómúwómú lábẹ́ bàtà.

Sphagnum kò ní gbòǹgbò, kò sì lè sá. Púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ewé rẹ̀ ti kú, wọ́n ṣófo, wọ́n sì ní ihò. Ibẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí, tó lè wúwo tó ìlọ́po 20 ara rẹ̀ ní gbígbẹ. Ó tún ń mú kí omi àyíká rẹ̀ kan, kí òkú ewéko má lè jẹrà tán. Bí ìyẹn ṣe ń gun ara wọn, bíi mìlímítà 1 lọ́dún, ni ilẹ̀ àbàtà náà ṣe ń ga. Kí ẹ wá ro iye ọdún tó wà nínú mítà kan péré!

Àmọ́ ẹ má tìtorí pé mọ́ọ̀sì náà funfun kẹ́ ẹ sọ pé ó ti kú. Ọ̀dá díẹ̀ lè mú un funfun, kó tún sọjí tí òjò bá rọ̀. Ẹ padà lọ wò ó. Ẹni tó bá sì fojú lásán sọ pé palustre ni, ẹ má tètè gbà fún un: Sphagnum papillosum, irú mọ́ọ̀sì yìí míì, jọ ọ́ gan-an, máíkróskóòpù, awò tó ń mú kí nǹkan kékeré hàn, ló ń yanjú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ ka ẹyẹ, ẹ lọ ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ lásìkò tí wọ́n ń yé ẹyin, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ìró hùn-ùn hùn-ùn tí ìyẹ́ ìrù akọ ń mú jáde bó ṣe ń já wálẹ̀ láti òkè. Àwọn yẹn ló fẹ́ tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀. Àwọn tó kàn fò dìde níwájú yín lè jẹ́ èrò ọ̀nà.