Ìwádìí èrò gbogbo orílẹ̀-èdè kì í dìbò, ṣùgbọ́n ó lè lé olùdíje yín kúrò kí ìdìbò tó dé

Ìbéèrè arákùnrin wa ni pé ẹni tó fẹ́ràn láàárín àwọn tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà kò ní ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ìwádìí èrò gbogbo orílẹ̀-èdè, nígbà tí ẹni tó wà níwájú ní ìdá márùndínlógójì. Ṣé kó gbàgbé rẹ̀ ni, àbí kó ṣì máa dáwó fún un? Mo ti ṣiṣẹ́ ìpolongo ìdìbò abẹ́nú rí, ní South Carolina àti ní Iowa, nígbà kan lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà mìíràn fún owó oṣù. Mo ti wà lẹ́yìn ẹni tí wọ́n ní kò lè wọlé tó sì wọlé, mo sì ti wà lẹ́yìn ẹni tí kò tilẹ̀ dé ọjọ́ ìdìbò. Ohun tí mo fojú rí ni pé nọ́ńbà yẹn kì í mọ ẹni tó máa gbé àsíá ẹgbẹ́, àmọ́ ó lágbára gan-an lórí ẹni tí wọ́n máa jẹ́ kó dúró dìgbà tí àwọn èèyàn máa dìbò.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo Amẹ́ríkà jọ ń dìbò abẹ́nú. Ìpínlẹ̀ kan á dìbò, òmíràn á tẹ̀ lé e, láti oṣù kìíní tàbí oṣù kejì títí wọ oṣù kẹfà, èsì àwọn tó ṣáájú ló sì ń yí ọkàn àwọn tó wà lẹ́yìn padà. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè máa ń bá nǹkan bí ẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀. Ká ní irínwó nínú wọn ló sọ pé àwọn máa dìbò abẹ́nú ẹgbẹ́ Democrat. Àwọn ará Iowa kò ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà, nítorí náà nínú irínwó yẹn, bí èèyàn mẹ́rin ló máa jẹ́ ará Iowa. Ti New Hampshire kò tó ìdajì ìyẹn: ẹnì kan, bóyá méjì. Bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ wọ̀nyí ló kọ́kọ́ ń dìbò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣẹ́ àwọn olùdíje kù. Àyè àṣìṣe fún irínwó èèyàn sì tó ìdá márùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé olùdíje kan ti fò láti ìdá mẹ́ta sí márùn-ún, ó lè jẹ́ pé kò tíì kúrò lójú kan.

Yàtọ̀ síyẹn, nígbà tí ìdìbò bá ṣì jìnnà, orúkọ táwọn èèyàn ti gbọ́ rí ni ìwádìí náà ń wọ̀n jù. Ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú ọmọ lọ́wọ́, kẹ́ ẹ ka orúkọ ogún olùdíje sí i létí: èyí tó mọ̀ ló máa dá. Rudy Giuliani, tó ti jẹ́ olórí ìlú New York rí, ló wà níwájú láàárín àwọn Republican fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún 2007, torí gbogbo èèyàn ló ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà ìkọlù 2001 ní New York. Ó gbé ìrètí rẹ̀ lé Florida, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì dìbò ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ Florida pé, ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2008, àwọn tó ti ń dárúkọ rẹ̀ ti rí ẹlòmíràn tó ń borí. Ipò kẹta ló ṣe, ó sì fi ìdíje sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì láìgba ìpínlẹ̀ kankan. Howard Dean ló wà níwájú láàárín àwọn Democrat bí ọdún 2003 ṣe ń parí. Ìdá 18 ló rí gbà ní Iowa lọ́jọ́ 19 oṣù kìíní 2004, John Kerry tí ọ̀pọ̀ oníròyìn ti kà kún òkú sì gba ìdá 38. Ẹ̀yìn ìyẹn ni nọ́ńbà gbogbo orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sáré tẹ̀ lé Kerry.

Èyí tí mo fojú ara mi rí ni ti South Carolina. Lápá ìparí ọdún 2007, Hillary Clinton fi ohun tó lé ní ogún ìdá ṣáájú Barack Obama nínú ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè. Àwa tá a yọ̀ǹda ara wa fún Obama ń lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, láti ibẹ̀ dé ojúlé àwọn èèyàn. Ìyá àgbà kan mú mi jókòó, ó fún mi lómi, ó ní òun ń gbàdúrà fún Obama lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n Clinton lòun máa dìbò fún. Ó ní àwọn aláwọ̀ funfun kò ní dìbò fún aláwọ̀ dúdú láéláé, òun kò sì fẹ́ kí ìbò òun ṣòfò. N kò bá a jiyàn. Ohun tójú rẹ̀ ti rí ní ìpínlẹ̀ yẹn ju ohun tí mo lè fi ìwé ìpolongo dáhùn lọ. Irú rẹ̀ pọ̀ tí a bá pàdé, ọkùnrin àti obìnrin.

Lọ́jọ́ 3 oṣù kìíní 2008, àwọn ará Iowa, tó jẹ́ pé aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù níbẹ̀, fi Obama ṣe ẹni àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìdá 38, Clinton sì ṣe ẹni kẹta. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì ni fóònù ọ́fíìsì wa kò ti sinmi mọ́. Àwọn tó ti ń sọ fún wa pé “á dáa, ẹ máa lọ” ló ń pè pé kí ni àwọn lè ṣe. Lọ́jọ́ 26 oṣù náà, Obama gba ìdá 55 ní South Carolina, Clinton gba 27. Bí wọ́n bá ti pe ìyá àgbà yẹn fún ìwádìí lóṣù kọkànlá, abẹ́ orúkọ Clinton ni wọ́n máa kọ ọ́ sí, òótọ́ ni wọ́n sì máa kọ. Ohun tí wọn kò ní bi í ni ìdí rẹ̀, àti ohun tó lè yí i lọ́kàn padà. Ọ̀pọ̀ ìbò tó dà bíi pé ó ti dúró ló so mọ́ ohun tí àwọn mìíràn bá ṣe.

Ẹ má wá tìtorí èyí sọ pé ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè kò já mọ́ nǹkan. Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí ibẹ̀ ló ti dùn mí jù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, Fox News, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, lo ìpíndọ́gba ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè márùn-ún láti yan mẹ́wàá nínú àwọn Republican mẹ́tàdínlógún sí ìtàkùrọ̀sọ alẹ́ ní Cleveland. Àwọn méje tó kù bọ́ sí ti ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni kẹwàá àti ẹni kọkànlá kéré sí ohun tí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Scott Walker, gómìnà Wisconsin, wà lára àwọn mẹ́wàá. Ó tilẹ̀ ti ṣáájú ní Iowa níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹsàn-án, ìwádìí CNN fi hàn pé kò ní tó ìdajì ìdá kan ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ó fi ìdíje sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìdìbò Iowa ṣì ku ohun tó lé ní oṣù mẹ́rin.

Ní 2019 mo gbaṣẹ́ ní Iowa lọ́dọ̀ olùdíje Democrat kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti là á kalẹ̀ pé kí olùdíje tó gun orí pèpéle ìtàkùrọ̀sọ àkọ́kọ́ ní Miami lóṣù kẹfà, ó ní láti ní ìdá kan nínú ìwádìí mẹ́ta, tàbí kí ẹgbẹ̀rún 65 èèyàn ti dáwó fún un. Ogún èèyàn ló wọlé. Fún ti Houston lóṣù kẹsàn-án, wọ́n gbé e sókè: ìdá méjì nínú ìwádìí mẹ́rin, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún 130 olùdáwó. Mẹ́wàá ló kù. Wọ́n ń ka ìwádìí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́rin tó kọ́kọ́ ń dìbò mọ́ ọn lóòótọ́, àmọ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń jáde lemọ́lemọ́, òun sì làwọn tó ń fi owó ńlá ràn wá lọ́wọ́ ń wò.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìyìn rere, gbogbo wa la mọ̀. Owó tó yẹ ká fi gba àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa kan ilẹ̀kùn ni wọ́n kó lọ sórí ìpolówó Facebook, kí àwọn èèyàn tí kò gbé nítòsí Iowa rárá lè fi dọ́là kan ránṣẹ́, kí iye olùdáwó lè pé. Ká sòótọ́, kò sí ọ̀nà mìíràn, bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ a ò ní sí lórí tẹlifíṣọ̀n. A kò sí níbẹ̀ náà ní ìgbẹ̀yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ìtàkùrọ̀sọ tí wọn kò jẹ́ ká wọ̀, mo kan ilẹ̀kùn obìnrin kan ní Cedar Rapids, ẹni tó ti ri pátákó olùdíje wa mọ́ iwájú ilé rẹ̀. Ó bi mí léèrè tàánútàánú pé, “Ṣé ó ṣì ń díje? N kò rí i lálẹ́ àná.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹnikẹ́ni kò tíì dìbò kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ alátìlẹ́yìn wa gan-an ti rò pé a ti lọ sílé. Àwọn olùdáwó ńlá kò gbé fóònù mọ́, wọ́n dá àwọn ọmọ iṣẹ́ dúró, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ọ́fíìsì sì tì. Inú ń bí mi títí di òní pé ìdá kan sí méjì, tí ìwádìí kò lè wọ̀n dáadáa, ló pinnu ẹni tí àwọn olùdìbò máa láǹfààní láti gbé yẹ̀ wò.

Nígbà mìíràn, ẹni tó wà níwájú wà níwájú lóòótọ́. Ohun tí mo máa ń wá ni bóyá àwọn èèyàn kan pàtó wà tí wọn kò ní fi í sílẹ̀ tó bá ṣubú. Joe Biden ṣáájú fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún 2019. Ó ṣe ipò kẹrin ní Iowa, ó ṣe ìkarùn-ún ní New Hampshire pẹ̀lú ìdá tí kò pé mẹ́sàn-án, nọ́ńbà rẹ̀ já, Bernie Sanders gba iwájú. Ẹni tó ń wo gbogbo orílẹ̀-èdè nìkan lóṣù kejì ọdún 2020 á ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tán. Àmọ́ ohun tó ju ìdajì àwọn tó ń dìbò abẹ́nú Democrat ní South Carolina jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn àgbàlagbà inú wọn kò sì tíì kúrò lẹ́yìn Biden. Jim Clyburn, aṣòfin aláwọ̀ dúdú tó lẹ́nu níbẹ̀, kéde pé Biden lòun ń tì lẹ́yìn lọ́jọ́ 26, Biden gba fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdajì ìbò níbẹ̀ lọ́jọ́ 29, Pete Buttigieg àti Amy Klobuchar sì fi ìdíje sílẹ̀ kí ọjọ́ 3 oṣù kẹta tó pé. Lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń pè ní Super Tuesday, ó gba ìpínlẹ̀ mẹ́wàá nínú mẹ́rìnlá. Michael Bloomberg ti kọjá ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní gbogbo orílẹ̀-èdè lóṣù kejì yẹn kan náà, ó ná ohun tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, ó sì fo ìpínlẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. American Samoa, erékùṣù kékeré tí Amẹ́ríkà ń ṣàkóso, nìkan ló ti ṣe ipò kìíní.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Donald Trump. Ted Cruz na án ní Iowa lọ́dún 2016, kò sì yẹ̀ níwájú, torí àwọn èèyàn rẹ̀ ti pinnu. Ní 2023 kò yọjú sí ìtàkùrọ̀sọ kankan, ó sì gba ìdá 51 ní Iowa nígbà tí ọjọ́ pé.

Ìlànà pípín aṣojú tún wà níbẹ̀, torí aṣojú, ìyẹn àwọn tó ń lọ dìbò fún olùdíje ní àpéjọ ẹgbẹ́, ni wọ́n ń kà ní ìparí. Trump gba ìdá 32 ààbọ̀ ní South Carolina lọ́dún 2016, gbogbo aṣojú àádọ́ta ló sì kó. Lọ́dọ̀ àwọn Democrat, pínpín ni, ẹni tí kò bá tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í rí nǹkan kan. Nípa ìlànà yìí, èrè tí Obama fi ju Clinton lọ ní Idaho kékeré lọ́dún 2008 jẹ́ aṣojú méjìlá, èyí tí Clinton fi jù ú lọ ní New Jersey sì jẹ́ mọ́kànlá. Kò sí ìwádìí gbogbo orílẹ̀-èdè tó lè fi ìyẹn hàn yín.

Ní ti ẹni tó ní ìdá mẹ́ta yẹn, ẹ wo iye èèyàn tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ìwádìí kan máa ń béèrè bóyá ẹ ti gbọ́ nípa olùdíje, àti bóyá ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá bá mọ̀ ọ́n tó ṣì wà ní ìdá mẹ́ta, mi ò ní fi owó mi sí i. Bó bá jẹ́ mẹ́rin ló mọ̀ ọ́n, tí àwọn mẹ́rin náà sì fẹ́ràn rẹ̀, àyè ṣì wà. Ẹ wo ẹni tí àwọn alátìlẹ́yìn àwọn yòókù fi ṣe àyàn kejì. Kí ẹ sì máa wá ìwádìí ìpínlẹ̀ tí ẹni tó mọ ìpínlẹ̀ náà ṣe. Ní ìparí oṣù kejìlá 2007, Ann Selzer, tó ń ṣe ìwádìí èrò ní Iowa, fi Obama sí ìdá 32 níbẹ̀, Clinton sí 25, àwọn olùdíje tó kù sì bínú sí i. Obama tó fi síwájú náà ló sì ṣe ipò kìíní.

Tẹ́ ẹ bá rí i pé àyè wà, tẹ́ ẹ sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà tàbí ẹ ní green card (òfin kò gba ẹlòmíràn láyè), ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ dáwó, kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún ìtàkùrọ̀sọ tó kọjá. Bí ẹgbẹ́ bá tún ń ka iye olùdáwó bíi ti 2019, ogún dọ́là tẹ́ ẹ bá san báyìí máa jẹ́ orúkọ kan lára àwọn tí wọ́n ń kà. Ẹni tí kò bá sì lè dáwó nítorí ìwé àṣẹ rẹ̀ lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ pe ọ́fíìsì olùdíje yín ní ìpínlẹ̀ tó máa kọ́kọ́ dìbò, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ máa bá wọn fi fóònù pe àwọn olùdìbò lálẹ́.