Ṣé bakitéríà lè jẹ Gammalin inú ilẹ̀ oko bàbá mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Oko kòkó bàbá mi tó di olóògbé ló kàn mí ní Ìdànrè. Láyé wọn, Gammalin 20, oògùn apakòkòrò, ni wọ́n ń fín sí kòkó. Bí òjò bá dé, wọn a po bùlúsítóònù (oògùn kòkó jíjẹrà) mọ́ láìmù. Ẹ̀bá ahéré tí wọ́n ti ń po oògùn gan-an ni mo fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹnì kan ń ta bakitéríà inú ìgò, ó ní yóò jẹ gbogbo májèlé ibẹ̀ tán. Ṣé kí n rà á? — Ọmọ Olóko

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ẹ má tíì fún ọlọ́jà yẹn lówó.

Bakitéríà tó ń jẹ Gammalin wà lóòótọ́. Líńdéènì ni májèlé inú rẹ̀, klórínì mẹ́fà ló so mọ́ ọn. Ní 2009, Àdéhùn Stockholm, tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dènà májèlé tí kì í tètè kúrò nílẹ̀, fi í kún àwọn kẹ́míkà tí kò gbọdọ̀ wọ oko mọ́. Nínú ilẹ̀ oko tí wọ́n ti fín irú oògùn yìí sí ní Japan àti Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti rí bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Sphingobium. Ó ń já klórínì wọ̀nyẹn kúrò, ó sì ń fi ìyókù ṣe oúnjẹ. Ohun ìyanu ni lójú mi títí dòní: inú ilẹ̀ tó ti ń mu májèlé tipẹ́ ni wọ́n ti bá a. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ ti wà lóko yín. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, ọ̀rinrin àti ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n sìn nínú ìgò sábà máa ń kú bó bá dé àárín àwọn onílé, ìyẹn àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ti wà nínú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bùlúsítóònù ló ń kọ mí lóminú jù. Bàbà (copper) ló wà nínú rẹ̀, mẹ́táàlì bíi irin sì ni bàbà. Kò sí bakitéríà tó lè jẹ ẹ́ tán láéláé. Bó bá pọ̀ jù, òun gan-an ni yóò pa àwọn tó yẹ kó máa jẹ líńdéènì. Ẹni tó ní ìgò òun yóò kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ kò béèrè ohun tí bàbá yín dà síbẹ̀.

Ẹ bu ilẹ̀ lójú ibi mélòó kan, kí ẹ sì wádìí lọ́wọ́ àwọn CRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sọ fún wọn pé líńdéènì àti bàbà lẹ ń wá, torí ẹ̀rọ tó ń wá ọ̀kan kọ́ ló ń wá èkejì. Kó tó dìgbà náà, apá òkè oko ni kí ẹ gbin ẹ̀fọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí adìẹ máa tan ilẹ̀ ibi ìpoògùn yẹn, líńdéènì a máa bá ọ̀rá wọ inú ẹyin. Bí agolo àtijọ́ bá ṣì wà ní ahéré, ẹ má fọ̀ ọ́ lódò.

Bí èsì bá dé, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Iye bàbà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí.