Fèrèsé tuntun fún ìgbà òtútù: gíláàsì méjì ni àbí mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé tí à ń gbé ti pẹ́, fèrèsé onígi tó ní gíláàsì méjì ló wà níbẹ̀ látilẹ̀. Bí òtútù bá ti dé, omi á máa ṣàn lójú gíláàsì láràárọ̀. Igi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń dúdú, ẹni tó bá sì jókòó sẹ́bàá rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni pé kò sí hítà nínú ilé. A fẹ́ pààrọ̀ wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá wò ó ní gíláàsì mẹ́ta ni ká rà, pé oníméjì kò wúlò mọ́. Ẹnì kejì ní ọjà lonítọ̀hún ń wá bó ṣe máa tà, pé oníméjì tó. Ọkọ mi tún ń bi mí pé ṣé a ò lè fi férémù tó wà nílẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n kàn ki tuntun bọ inú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ilé, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọkọ yín lóhùn, torí òun ló béèrè ohun tó ṣe kókó jù, bí ìdáhùn náà kò tilẹ̀ ní dùn mọ́ ọn.

Ẹ mú ọ̀bẹ kékeré, kí ẹ fi ṣóńṣó rẹ̀ gún igi tó ń dúdú yẹn, pàápàá ní igun méjèèjì ìsàlẹ̀. Bí igi bá le, tó ta ọ̀bẹ padà, dúdú ojú lásán ni, a lè fá a kúrò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ẹ gún búrẹ́dì, igi ti jẹrà nìyẹn. Ẹ má ki ohunkóhun bọ inú rẹ̀ o. Fèrèsé tuntun lórí igi jíjẹrà, owó ló ń tẹ̀lé owó.

Bí igi bá tilẹ̀ le, ọ̀rọ̀ kù. Àlàfo máa ń wà láàárín férémù àti ògiri, tí ojú kì í tó nítorí pé pákó tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ yí fèrèsé ká ló bò ó. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, kò sí nǹkan kan nínú àlàfo náà, tàbí kó jẹ́ àkísà àti bébà ni wọ́n rún sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ki fèrèsé tuntun bọ inú férémù àtijọ́ kò fọwọ́ kan ibẹ̀ rárá. Ó tún ń dín ojú gíláàsì kù, torí férémù ti di méjì. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Kí ẹ lè mọ ibi tí òtútù ti ń wọlé gan-an, ẹ dúró de ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ gidi. Ẹ ti gbogbo fèrèsé, ẹ ká kọ́tìnnì jìnnà, ẹ tan tùràrí, kí ẹ sì máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ létí fèrèsé. Níbi tí èéfín bá ti yà bàrá, ẹ sàmì síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi tí apá tó ń ṣí ti pàdé férémù ló ti yà, rọ́bà ibẹ̀ ló ti gbó, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà nìkan fún àwọn fèrèsé tí igi wọn ṣì le. Bó bá jẹ́ ibi tí pákó ẹ̀ṣọ́ ti pàdé ògiri ni, àlàfo tí mo wí yẹn ni. Ìyẹn ń fẹ́ kí ẹ yọ férémù tán pátápátá.

Ó wá ku gíláàsì. Àwọn méjèèjì tó wá wo ilé yín ń ka iye gíláàsì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó wà lára gíláàsì àti ohun tó wà láàárín rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni U-value, ìyẹn bí ooru ṣe ń yára gba ojú fèrèsé sá jáde. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Gíláàsì kan ṣoṣo máa ń wà ní nǹkan bí 5.7. Méjì lásán, tó jọ pé òun ló wà nílé yín, nǹkan bí 2.8. Mẹ́ta lásán, nǹkan bí 1.9. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá mú méjì péré, tí wọ́n fi ìbora onírin tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kì í rí i bo ọ̀kan nínú wọn (low-E ni wọ́n ń pè é), tí wọ́n sì fi gáàsì argon rọ́pò afẹ́fẹ́ àárín wọn, ó lè dé 1.1. Ẹ ò rí nǹkan! Méjì tó ní ìbora na mẹ́ta tí kò ní. Mẹ́ta tó ní ìbora lójú méjì, tó tún ní argon, á lọ sí nǹkan bí 0.6.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo omi tó ń ṣàn nílé yín. Ká ní ìta wà ní -20°C, inú ilé wà ní 20°C. Ojú gíláàsì tó kọjú sí yín nínú fèrèsé àtijọ́ yẹn á wà ní nǹkan bí 5°C. Oníméjì tó ní low-E á wà ní nǹkan bí 14°C, onímẹ́ta á sún mọ́ 17°C. Bí ọ̀rinrin inú ilé bá sì wà ní 50%, ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bí 9°C lọ ni omi á máa sun lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń sun. Omi náà kò wá láti ìta o. Èémí yín ni, oúnjẹ tí ẹ ń sè, omi gbígbóná tí ẹ fi ń wẹ̀, aṣọ tí ẹ sá sínú ilé.

Nítorí náà, èwo ni kí ẹ rà? Bí òtútù ibi tí ẹ wà kì í ju -5°C tàbí -10°C lọ, oníméjì tó dára tó. Bó bá máa ń lọ sí -20°C, tó sì ń pẹ́ níbẹ̀, onímẹ́ta ni èmi á mú, àgàgà fún yàrá tí ẹ ń sùn àti ibi tí ẹ ń jókòó. Kì í ṣe torí owó hítà nìkan. Ẹni tó bá jókòó sẹ́bàá gíláàsì tó tutù, ara rẹ̀ ló ń fi ooru ránṣẹ́ sí gíláàsì náà. Á máa gbọ̀n bí hítà tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Onímẹ́ta ní ìṣòro tirẹ̀. Ó wúwo: gíláàsì 4 mm mẹ́ta jẹ́ nǹkan bí kílò 30 ní ìwọ̀n mítà kan níbùú lóròó, híńjì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á. Àyè tó wà láàárín gíláàsì kan sí èkejì gbọ́dọ̀ tó 12 mm sí 16 mm bó bá jẹ́ argon ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá há mẹ́ta pọ̀ sínú férémù tínrín, tí àyè kò ju 6 mm lọ, iye gíláàsì lásán lẹ rà. Ó tún máa ń dín ooru oòrùn tó ń wọlé kù, torí náà fún fèrèsé tó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń ràn nígbà òtútù, ẹ béèrè g-value pẹ̀lú, ìyẹn bí ooru oòrùn tó ń gba gíláàsì wọlé ṣe pọ̀ tó. Tìyẹn, ó yẹ kó ga díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà sínú ìwé ìpolówó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ti àárín gíláàsì nìkan ni, Ug ni wọ́n ń kọ. Uw ni kí ẹ béèrè, ìyẹn ti fèrèsé lódindi, pẹ̀lú férémù. Bó bá sì jẹ́ ọjà Amẹ́ríkà ni, òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀: ẹ sọ nọ́ńbà wọn di ìlọ́po 5.7 kí ẹ tó fi wé ti Yúróòpù. 0.25 tiwọn jẹ́ nǹkan bí 1.4.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó o dé, ẹ tan ìṣáná síwájú gíláàsì ní àṣálẹ́, kí ẹ wo òjìji iná náà láti ẹ̀gbẹ́. Oníméjì á fi òjìji mẹ́rin hàn yín, onímẹ́ta á fi mẹ́fà hàn. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ nínú wọn ni ojú tí low-E wà. Bí gbogbo wọn bá jọra, ẹ má tíì sanwó tó kù.

Férémù kò le yàn: igi, PVC tàbí fiberglass, èyíkéyìí tó bá wù yín. Alumíníọ̀mù nìkan ni mo ń sá fún, àyàfi tí wọ́n bá fi ohun tí kì í gbé ooru kọjá la àárín rẹ̀. Èyí tó ń ṣí bí ilẹ̀kùn máa ń di mọ́ rọ́bà ju èyí tí à ń fà lọ fà bọ̀ lọ. Nínú yàrá, ẹ rí i pé ó kéré tán fèrèsé kan tóbi tó kí ènìyàn lè gbabẹ̀ jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ.

Ẹ bi ẹni tó máa ṣe é pé kí ni yóò fi dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Fóòmù tí kì í wú jù ni kó lò, kó má baà fún férémù tẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó lẹ inú pa kí afẹ́fẹ́ ilé má baà wọ ibẹ̀, kí ìta sì ta omi òjò nù ṣùgbọ́n kó jẹ́ kí ọ̀rinrin lè jáde. Bó bá ní sílíkóònù nìkan tó, ẹ wá ẹlòmíì.

Títí wọn yóò fi dé, ẹ máa tan fáànù ilé ìdáná bí ẹ bá ń sè, ẹ má jẹ́ kí kọ́tìnnì bo hítà tó wà lábẹ́ fèrèsé, kí ẹ sì nu omi ìsàlẹ̀ igi láràárọ̀. Fèrèsé tuntun máa ń dí ju ti àtijọ́ lọ, nítorí náà ẹ má pa fáànù yẹn tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán. Bí ẹ bá wá rí omi lójú gíláàsì láti ìta láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ má pè wọ́n padà. Ooru ilé ni kò rí ọ̀nà jáde débẹ̀. Tí omi tàbí kùrukùru bá wà láàárín gíláàsì, níbi tí aṣọ ìnulẹ̀ kò lè dé, ìyẹn ni kí ẹ pè wọ́n sí, kí ìwé ìdánilójú tí wọ́n fún yín sì wà lọ́wọ́ yín.