Ìbéèrè Yín: Ọmọ aràn nínú kókó ọmú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá àyẹ̀wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì nínú kókó ọmú obìnrin ẹni ọdún 34. Mo rí ohun tó rí bí òwú tó ká jọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí a gbà láago mẹ́wàá àárọ̀ kò fi nǹkan kan hàn. Ṣé aràn ni, àbí ìdọ̀tí?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pè é ní ìdọ̀tí. Ọmọ aràn Wuchereria bancrofti, èyí tó ń fa jàbùtẹ́ àti ìpá, lè fara hàn nínú kókó ọmú, ti ọrùn tàbí ti abíyá, lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò wú rárá. Òru ló sì ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gba òmíràn láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru. Bí èyí náà bá ṣófo, kò ní kí ohun tí ẹ rí má jẹ́ aràn.

Ẹ fi lẹ́ńsì 10 (×10) ti maikirosíkópù wo síláìdì náà láti etí dé etí, torí ọmọ aràn kì í sábà pọ̀ níbẹ̀. Òwú lásán máa ń dán, kò sì ní kóró sẹ́ẹ̀lì (nucleus) nínú. Ọmọ aràn ní kóró tó tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ wá fi lẹ́ńsì 40 wo ìrù rẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe pọ̀ sí. Kóró bancrofti kì í dé ṣóńṣó ìrù. Ti Loa loa, irú aràn mìíràn, dé ibẹ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo àwọn méjèèjì bí àpò, ṣùgbọ́n Onchocerca, aràn tó ń fọ́ ojú létí odò, kò ní in. Àmọ́ Giemsa, aró tí a fi ń kun síláìdì, kì í sábà kun awọ yìí, ó sì lè dà bíi pé kò sí níbẹ̀. Síláìdì tí ẹ fi aró Papanicolaou kùn ni kí ẹ fi wò ó.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "aràn" lásán sínú èsì. Oògùn aràn tí wọ́n ń pè ní DEC (diethylcarbamazine) lè ba ojú ẹni tó ní Onchocerca jẹ́. Bí Loa loa bá kún inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, oògùn aràn ivermectin lè fa àìsàn ọpọlọ fún un. Orúkọ tí ẹ bá kọ ni dókítà yóò fi yan oògùn.

Bí ẹ bá tún fẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì, abẹ́rẹ́ oníwọ̀n 23 (23G) àti síríńjì mílílítà 10 tó. Kí wọ́n dẹwọ́ fífà kí abẹ́rẹ́ tó kúrò lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀ á gòkè lọ sínú síríńjì. Kí ìdajì àwọn síláìdì wọnú ọtí (alcohol) ìdá 95 nínú 100 ní tútù, lójú ẹsẹ̀. Ìdajì á gbẹ ní afẹ́fẹ́ fún Giemsa. Bó bá jẹ́ omi ló jáde, ẹ yí i nínú ẹ̀rọ, kí ẹ lo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀.

Aràn àti jẹjẹrẹ lè jọ wà nínú kókó kan náà. Ẹ yẹ sẹ́ẹ̀lì ọmú fúnra rẹ̀ wò lórí gbogbo síláìdì. Bí kókó náà kò bá sì súnkì lẹ́yìn oògùn, kí dókítà gé ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.