Ẹyẹ wo ló ń jẹ ọmọ ẹja wa, ìgbà wo ni a sì lè rí wọn dáadáa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń sin ọmọ àrọ̀ àti ọmọ epìyà tà létí ọ̀sà, ní Àjàṣẹ́ níbí. Mo fẹ́ràn láti máa wo àwọn ẹyẹ tó ń bà sí kòtò ẹja wa, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní olè ni gbogbo wọn, rọ́bà ló sì fi ń ta wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? Ìgbà wo nínú ọdún ni mo lè rí wọn dáadáa?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sì ní kí wọ́n gbé rọ́bà sílẹ̀ ná. Olè wà nínú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n lékèélékèé kọ́. Tata, ọ̀pọ̀lọ́ àti kòkòrò inú koríko ló ń ṣà jẹ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀lọ́ àti ọmọ lámilámi tó ń gbé inú omi ń jẹ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin.

Pẹjapẹja aláwọ̀ dúdú àti funfun ni kí ẹ ṣọ́. Á dúró sójú kan lófuurufú, ìyẹ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, orí rẹ̀ kò ní mì rárá, ẹnu rẹ̀ á dorí kodò. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti já lu omi. Tí ọ̀já dúdú méjì bá wà láyà rẹ̀, akọ ni. Ẹyọ kan ni ti abo, ó sì sábà máa ń já láàárín. Ọmọ àrọ̀ tètè máa ń kó sí i lẹ́nu, torí bí wọ́n bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á máa yọjú sókè láti mí. Ara ògiri amọ̀ ló máa ń gbẹ́ ihò ìtẹ́ rẹ̀ sí, ihò náà sì lè jìn ju mítà kan lọ. Bí ẹ bá rí i lára kòtò yín, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ fò lọ, kí ẹ wá dí i pa kí omi tó gba ibẹ̀ jò.

Ní ti ìgbà, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kẹta. Nígbà tí odò Ouémé bá kún, omi á bo pápá, ẹja á fọ́n ká, ẹyẹ náà á sì fọ́n ká tẹ̀lé wọn. Bí omi bá fà tí ọyẹ́ dé, ibi tí omi ṣẹ́kù sí ni gbogbo wọn ń wọ́ lọ, kòtò yín sì wà lára rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ẹyẹ àlejò láti Yúróòpù wà lọ́dọ̀ wa. Abájọ tí ọ̀sà Àjàṣẹ́, adágún Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Ouémé fi wà nínú ìwé àdéhùn Ramsar, àdéhùn àgbáyé tó wà fún ìdáàbòbò ilẹ̀ olómi, láti ọdún 2000.

Nínú àwọn àlejò yìí, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìdì apẹja tí wọ́n ń pè ní balbuzard lédè Faransé. Orí rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ ló fi ń wọ omi. Tó bá ti gbé ẹja, á kọ orí ẹja náà síwájú kó tó máa fò lọ. Ẹja ńlá ló ń wá, kò sí ohun tó fẹ́ fi ọmọ ẹja yín ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ wọn kì í padà sí Yúróòpù lọ́dún àkọ́kọ́, nítorí náà bí ẹ bá rí ọ̀kan lóṣù kẹfà, ojú yín kò tàn yín. Bí òrùka tí àwọn olùṣèwádìí fi ń dá ẹyẹ mọ̀ bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Ìdájí ni kí ẹ máa jáde wò wọ́n, iṣẹ́ yín náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹyẹ bá ṣàdédé pọ̀ sí kòtò kan láàárọ̀, tí wọ́n ń ṣa ẹja lójú omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ má wulẹ̀ lé wọn: afẹ́fẹ́ inú omi ló ti tán mọ́jú, tí ẹja fi ń yọ ẹnu sókè. Ẹ da omi tuntun sí i kíá, kí ẹ sì dín oúnjẹ wọn kù lọ́jọ́ náà.

Àwọ̀n ni kí ẹ fi bo àwọn kòtò kéékèèké tí ọmọ ẹja wà. Ẹ fà á le dáadáa, torí èyí tó bá rọ̀ ló ń dì mọ́ ẹyẹ lẹ́sẹ̀.