Ẹsẹ̀ wọn ò bọ́ sílẹ̀ pọ̀ lórí pàréèdì: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ àyẹ́sí tí a máa fi gba àlejò pàtàkì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ọmọ ogun 48 ni wọ́n, ìlà mẹ́ta. Bí mo bá ti ní kí wọ́n dúró, ẹsẹ̀ wọn á máa dún tẹ̀ léra wọn bí ẹni ń da àgbàdo sínú igbá. Mo ti pariwo títí ohùn mi fi há. Lánàá, ọ̀kan nínú wọn tún dákú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìyànjú. Kí o tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú àwọn 48 yẹn, ẹnu tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ogun ní pàréèdì, bí ẹsẹ̀ bá ń dún wàràwàrà báyẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pàṣẹ ni mo sábà máa ń bá ìdí ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà méjì ni àṣẹ pàréèdì pín sí. Wo "Quick March", àṣẹ pé kí wọ́n máa yan lọ. "Quick" ń sọ ohun tó ń bọ̀ fún wọn kí ara wọn lè múra. "March" ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ dáhùn. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí o bá já a kúrú lẹ́ẹ̀kan, tí o sì fà á gùn lẹ́ẹ̀kejì, kálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ẹni tí ara rẹ̀ yá á ti gbéra, ẹni jẹ́jẹ́ á ṣì dúró, àwọn yòókù á máa fojú wá ẹsẹ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìró àgbàdo tí ò ń gbọ́ nìyẹn. "Halt", àṣẹ pé kí wọ́n dúró, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé wọ́n ti wà lórí ìrìn: ìwé ìlànà yín ti sọ ẹsẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bọ́ lé, ọ̀rọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ gẹ́lẹ́ bí ẹsẹ̀ yẹn bá ṣe ń kanlẹ̀. Bí o bá fi díẹ̀ pẹ́, àwọn kan á kà á mọ́ ẹsẹ̀ yìí, àwọn kan á kà á mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà, fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Wá áàpù metronome, èyí tó ń dún ní ìwọ̀n kan náà láti fi pa ìṣísẹ̀ mọ́, sórí fóònù rẹ. Bí ìlànà Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń tẹ̀ lé, fi í sí 116 ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, 120. Ìwọ nìkan máa yan lọ yan bọ̀, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì 30, kí o sì máa pàṣẹ fún ara rẹ sókè. Wàá rí i pé láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì ò ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ. Inú ibi tóóró yẹn ni àṣẹ rẹ ti gbọ́dọ̀ máa bọ́ sí, nígbà gbogbo.

Ti ohùn tó há: ọ̀fun lo fi ń pariwo. Láti ikùn ni kí o ti gbé e wá. Gbé àgbọ̀n sókè, mí kanlẹ̀, fa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kí o wá já ọ̀rọ̀ kejì lulẹ̀ bí ẹni já okùn. Iwájú, ní àárín gbùngbùn, ni kí o sì dúró, má dúró ní igun kan. Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó jìnnà sí ọ ní mítà 34 á fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kó tó gbọ́ ọ. Lórí pàréèdì, etí àlejò ń gbọ́ ìyàtọ̀ yẹn ketekete.

Nígbà tí o bá padà dé ọ̀dọ̀ wọn, má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo wọn. Ní ọdún 1778, ní Valley Forge, ibùdó ogun kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tí von Steuben, ọ̀gá ológun tó wá láti Prussia, ń tún ẹgbẹ́ ogun George Washington kọ́, nǹkan bí 100 ọkùnrin ló kọ́kọ́ mú, ó kọ́ wọn títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, àwọn yẹn ló wá di àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Ìwọ mú mẹ́fà tó mọ̀ ọ́n jù, kọ́ wọn dójú àmì, kí o fi wọ́n sí ìpẹ̀kun ìlà kọ̀ọ̀kan. Bó bá dọ̀rọ̀ àbójútó, fẹ̀gbẹ́ kan dúró kí o máa wo ìlà náà lọ gbọọrọ: àyà tó yọ síta á hàn. Lẹ́yìn náà, kọ ẹ̀yìn sí wọn, dijú, kí o ní kí igbákejì rẹ pàṣẹ. "Gbì!" kan ṣoṣo lò ń wá. Bí o bá gbọ́ "gbì-gbì", pín wọn sí mẹ́jọ mẹ́jọ títí wàá fi rí ibi tí ìkejì ti ń jáde.

Ẹni tó dákú, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí wọ́n pè é ní ọ̀lẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nínú ooru Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba dákú níbi ìdánrawò Trooping the Colour, pàréèdì ọjọ́ ìbí ọba, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dídúró gan-an niṣẹ́ wọn. Bí ènìyàn bá dúró ṣánṣán láìmira, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ lọ sí ẹsẹ̀, èyí tó ń dé ọpọlọ á dín kù. Iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló ń tì í padà sókè, ìyẹn bó bá ń ṣiṣẹ́. Kọ́ wọn kí wọ́n máa ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà, kí wọ́n máa fún iṣan yẹn pọ̀ kí wọ́n tún dẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má sì ti orúnkún pa. Ẹni tó wà níwájú ò ní rí nǹkan kan. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n sì mu omi kí wọ́n tó tò. Yan ènìyàn méjì sẹ́yìn tó máa gbé ẹni tó bá ṣubú kúrò: kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí wọ́n tú ọrùn aṣọ rẹ̀. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ò gbọdọ̀ mira.

Ohun kan ṣì kù. Lọ fẹsẹ̀ ara rẹ tẹ ilẹ̀ tí ẹ máa yan lé lórí, pẹ̀lú bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti rí ìlà tó gún régé nínú ìdánrawò, tí wọ́n wá yọ̀ tèrè lórí táìsì tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò.