Ọwọ́ Ìyá àgbà àti àtùpà sólà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní ìlú Kétu. Ìyá àgbà mi ní àtùpà sólà kan tí ó jẹ́ oníbọ́tìnnì kan ṣoṣo. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná á mọ́lẹ̀ gan-an. Lẹ́ẹ̀kejì, á rẹlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, á máa ṣẹ́jú. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni yóò tó kú. Bí wọ́n bá jí ní ìdájí láti ro ẹ̀kọ tí wọ́n ń tà, wọn kì í mọ ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ títí bátìrì yóò fi tán. Mo fẹ́ ṣe òmíràn tí yóò rọrùn fún wọn. Ṣé kí n kọ́kọ́ ra wáyà àti bátìrì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iná àtùpà náà kò ní àbùkù. Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n dì lé bọ́tìnnì kan lórí, bọ́tìnnì náà kò sì yàtọ̀ lábẹ́ ìka yálà iná kú tàbí ó wà, nítorí náà ọwọ́ kò rí ohun tí yóò fi mọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà, igi àti páálí sì tó láti fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ gbẹ́ àwòṣe mẹ́ta tí kò ní iná nínú rárá, kí ẹ sì di yanrìn sínú wọn kí wọ́n lè wúwo tó àtùpà gidi. Kí ọ̀kan ní ìdérí ìgò tí a ń yí, bí a ti ń yí ohùn rédíò sókè. Kí èkejì ní igi pẹlẹbẹ tí a ń tì síwá sẹ́yìn nínú ihò gígùn. Kí ẹ̀kẹta ní bọ́tìnnì méjì, ńlá àti kékeré. Iná tí ń ṣẹ́jú yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò, nítorí kò wúlò fún ẹni tí ń ro ẹ̀kọ. Ní Amẹ́ríkà, kí kọ̀ǹpútà kékeré àfọwọ́mú tí wọ́n ń pè ní Pilot, tí a wá mọ̀ sí PalmPilot, tó jáde ní ọdún 1996, Jeff Hawkins tí ó dá a sílẹ̀ gbé igi tí a gé ní ìwọ̀n rẹ̀ sínú àpò aṣọ, ó sì ń yọ ọ́ jáde bí ẹni pé ó ń lò ó, kí ó lè mọ̀ bóyá ènìyàn yóò fẹ́ máa gbé e kiri. Iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ni.

Ẹ wá dán wọn wò ní ìdájí, nínú ilé ìdáná gan-an, nígbà tí ọwọ́ Ìyá àgbà tutù. Ẹ gbé àwòṣe kan fún wọn, ẹ ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tanná,” kí ẹ sì dákẹ́. Kí ọmọ kan di àtùpà gidi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó máa tan án, kí ó máa pa á gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ wọn ti ń rìn lórí àwòṣe náà. Dídákẹ́ yẹn ni ó le jù, nítorí yóò máa ṣe yín bíi kí ẹ kọ́ wọn. Ẹ má sì bi wọ́n bóyá ó dára, torí pé ìyá yóò yin iṣẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣáá ni. Ibi tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ lọ àti ibi tí ó ti ṣiyèméjì ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Èmi fara mọ́ igi tí a ń tì, nítorí pé ìka lè mọ ìpẹ̀kun rẹ̀ nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ wọn bá yan òmíràn, òun náà ni kí ẹ ṣe. Ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà mìíràn ládùúgbò, kí ẹ sì máa fi ọ̀bẹ àti gọ́ọ̀mù tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá tàn án tí wọ́n sì pa á láìsí àlàyé ni kí ẹ tó náwó. Ẹ gbé àwòṣe náà lọ bá ẹni tí ń tún rédíò ṣe, kí ó wá súìṣì tí ìrìn rẹ̀ bá a mu. Ẹ má ṣe gé àwòṣe yín nítorí súìṣì tí ó wà ní ìsọ̀ rẹ̀.